Ìwé Kíkà àti Làákàyè: Èwo Ni Ó Bí Èkejì?

Láti ìgbà tí ilé-ìwé ti dé ilẹ̀ Yorùbá ni àríyànjiyàn kan ti wà tí kò tí ì tán nílẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ọgbọ́n ọmọ ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé ilé-ìwé rárá, àti pé iṣẹ́ tí ilé-ìwé ń ṣe kò ju pé kí ó fi ọmọ tí ó gbọ́n han aráyé lọ. Òwe tí wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ni pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Àwọn mìíràn a sì máa dá wọn lóhùn pé kò sí ẹni tí a bí ìmọ̀ mọ́, pé ilé-ìwé gan-an ni ó ń la ọmọ lójú, àti pé inú òkùnkùn ni ẹni tí kò kàwé wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí òbí bá gbà pé ilé-ìwé kò lè fi ohunkóhun kún ọgbọ́n ọmọ, ọjọ́ kìn-ín-ní tí ọmọ bá kùnà ìdánwò ni yóò ti dájọ́ pé, “Kò ní orí ìwé,” tí yóò sì mú un kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí a bá dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ru ẹrù rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà pé inú ilé-ìwé nìkan ni ọgbọ́n ti ń wá, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi ojú òpè wo bàbá àti ìyá tí wọ́n ń fi òógùn ojú wọn san owó ilé-ìwé rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kí a sì mọ ibi tí òtítọ́ fì sí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó dára kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ tí ènìyàn a máa dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn ti kọ́ tí ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Làákàyè ni agbára tí ọkàn fi ń wo nǹkan, tí ó fi ń wọ̀n ọ́n, tí ó fi ń so èyí pọ̀ mọ́ tọ̀hún, tí ó sì fi ń rí ọ̀nà àbáyọ nínú ìṣòro tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí. Ẹni tí ó mọ̀ pé mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ 56 ní ìmọ̀. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sọ iye kan di ìlọ́po, àti ìgbà tí ó yẹ kí òun pín in, ó ní làákàyè. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé ń jẹ́rìí sí ìmọ̀ ju bí ó ti ń jẹ́rìí sí làákàyè lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì a máa rìn pọ̀ nígbà púpọ̀.

Bí a bá ń wá ibi tí làákàyè ti fi ara hàn láìsí ìwé, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì ti tán pátápátá ní ọdún 1893, tí ọ̀nà sì là, ọ̀pọ̀ ọkùnrin Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òwò aṣọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n a di aṣọ ní ẹrù, wọn a gbé e lọ sí àwọn abúlé Èkìtì, ti Oǹdó àti ti Àkókó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá rárá. Wọn a tà á láwìn, wọn a sì máa padà wá gba owó wọn ní díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la, ọlọ́jà náà yóò lóṣòó sí iwájú ilé rẹ̀, yóò sì sọ pé òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Púpọ̀ nínú àwọn Òṣómàáló àkọ́kọ́ kò mọ̀wé kọ, wọn kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n kí a wo iṣẹ́ tí ọpọlọ wọn ní láti ṣe. Kí a mú àpẹẹrẹ ọlọ́jà kan tí ó ra 40 aṣọ ní ṣílè 8 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ ṣílè 320. Bí ó bá tà wọ́n láwìn ní ṣílè 12 fún 40 ènìyàn, èrè rẹ̀ yóò jẹ́ ṣílè 160 bí gbogbo wọn bá san án. Bí márùn-ún bá sá lọ láìsan nǹkan kan, èrè náà yóò wálẹ̀ di ṣílè 100. Bí ó bá wá jẹ́ ènìyàn 14 ni wọ́n sá lọ, èrè ti tán, ojú owó gan-an ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Ọlọ́jà náà gbọ́dọ̀ ti ro gbogbo èyí kí ó tó dá iye kan lé aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ rántí ẹni tí ó ra àrán àti ẹni tí ó ra àǹkárá, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti san àti iye tí ó kù, ní abúlé bí i mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan a máa fa ìlà sí ara ògiri kí wọ́n má baà gbàgbé. Àwọn mìíràn orí ni wọ́n fi ń ká a. Yàtọ̀ sí ìṣirò, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwà ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ wo oko ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà láwìn, kí ó mọ̀ bóyá kòkó rẹ̀ yóò so, kí ó sì mọ ọ̀sẹ̀ tí owó yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí kì í bá ṣe làákàyè, a jẹ́ pé a kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Àwọn kan lè sọ pé àṣà òwò lásán ni, pé bí a bá gbé ìṣirò gidi síwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní lè ṣe é. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìlú Recife ní ilẹ̀ Bràsíl, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1985, dáhùn sí èyí. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, lọ bá àwọn ọmọ márùn-ún tí wọ́n ń bá òbí wọn tajà, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 9 sí 15. Wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń ra ọjà, wọ́n sì ń béèrè iye owó. Nínú 100 ìbéèrè, àwọn ọmọ náà ń gba nǹkan bí 98. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ti ilé-ìwé, wọ́n sì gbé e fún àwọn ọmọ kan náà. Ohun tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí 37 nínú 100 lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, ń ta àgbọn kan ní 35 nínú owó ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n béèrè iye tí mẹ́rin jẹ́, ó ka mẹ́ta sí 105, ó fi 30 lé e kí ó di 135, ó sì fi èyí tí ó kù kún un kí ó di 140. Nígbà tí ó fi gègé kọ ọ́ sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí tíṣà ti kọ́ ọ, 200 ni ó rí. Ọmọ kan náà ni, orí kan náà ni, ìṣirò kan náà ni. Ẹni tí ó bá ìwé nìkan pàdé yóò pè é ní olódo. Ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ ní ọjà yóò sọ pé orí rẹ̀ pé.

Ìtàn kejì wá láti Làìbéríà, láàrin àwọn ẹ̀yà Kpelle. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà ń wádìí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ronú. Wọ́n kó 20 nǹkan síwájú wọn, nínú èyí tí oúnjẹ, aṣọ, irinṣẹ́ àti ohun ìdáná wà, wọ́n sì ní kí wọ́n to èyí tí ó bá bá ara wọn mu pọ̀. Ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ìwé yóò to oúnjẹ sí apá kan, yóò to irinṣẹ́ sí apá kejì. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ a máa to ọ̀bẹ mọ́ ọsàn nítorí pé ọ̀bẹ ni a fi ń gé ọsàn, a sì tún máa sọ pé bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ti ń tò ó nìyẹn. Nígbà tí ó sú olùwádìí, ó béèrè pé, “Báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe tò ó?” Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n to oúnjẹ sí ibi kan, irinṣẹ́ sí ibi kan, àti aṣọ sí ibi kan, gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ń fẹ́ kí wọ́n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n tò. Wọn kò kà á sí ọgbọ́n ni. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ìdánwò tí a bá ṣe fún ènìyàn a máa wọn ohun tí ilé-ìwé ti mú un mọ́ra, kì í ṣe ọgbọ́n orí rẹ̀ nìkan.

Ǹjẹ́ èyí fi hàn pé ilé-ìwé kò wúlò fún làákàyè? Rárá o. Ó yẹ kí a yí ojú sí apá kejì ọ̀rọ̀ náà wàyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 811,000. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ṣàdédé jí ní òru ọjọ́ kan. Owó ni ó ti ń dá wọn dúró sí ilé, ìjọba sì gbé owó náà kúrò lọ́nà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, kí ó fi kan etí rẹ̀ kejì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó etí, ó ti tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá tó o, kí ó padà sí ilé títí di ọdún tí ń bọ̀. Gígùn apá ni wọ́n ń wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Wọn kò wọn ọpọlọ.

Ó sì ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ní Iléṣà gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, pé ẹ̀gbọ́n tí a bí ṣáájú kò kàwé, àbúrò rẹ̀ sì kà á. Ẹ̀gbọ́n di àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò, àbúrò di tíṣà tàbí akọ̀wé. Ìyá kan náà ni ó bí wọn, inú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ti jẹun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí wọn mọ èyí tí orí rẹ̀ pé jù yóò ṣì wọ́n mọ̀, nítorí ọdún tí a bí wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ìwé kíkà kì í ṣe dígí tí a fi ń wo ọgbọ́n tí a bí mọ́ ènìyàn.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ǹjẹ́ ilé-ìwé fi nǹkan kún làákàyè àbúrò náà? Kò rọrùn láti dáhùn èyí, nítorí pé ọmọ tí ojú rẹ̀ tètè là a máa fẹ́ràn ilé-ìwé, a sì máa pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá wá rí i pé ẹni tí ó pẹ́ ní ilé-ìwé gbọ́n, a kò mọ èyí tí ó ṣáájú. Àfi kí a rí ibi tí a ti fi ọdún kún ilé-ìwé àwọn ọmọ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn án. Irú ibẹ̀ ni ilẹ̀ Norway. Láti ọdún 1955 gan-an, ọdún kan náà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, títí di ọdún 1972, ìjọba ibẹ̀ sọ ọdún méje tí ó jẹ́ dandan ní ilé-ìwé di mẹ́sàn-án. Gbogbo àgbègbè kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ papọ̀, nítorí náà ọmọ ìlú kan ti wà nínú ètò tuntun nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kejì ṣì wà nínú ti àtijọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bá tó bí ọmọ ọdún 19, a máa ń dán làákàyè wọn wò fún iṣẹ́ ológun. Nígbà tí àwọn olùwádìí Brinch àti Galloway gbé èsì wọn yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé ọdún kan tí a fi kún ilé-ìwé ń fi nǹkan bí máàkì 3.7 kún òṣùwọ̀n làákàyè, nínú ètò tí 100 jẹ́ ti ọmọ ènìyàn tí ó wà ní àárín. Ìwádìí mìíràn tí ó kó èsì àwọn ènìyàn tí ó lé ní 600,000 jọ ní ọdún 2018 tún fi hàn pé èrè ọdún kọ̀ọ̀kan wà láàrin máàkì kan sí márùn-ún. Nítorí náà ilé-ìwé a máa fi kún làákàyè ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjókòó lórí bẹ́ǹṣì ni ó ń ṣe é. Ọmọ gbọ́dọ̀ lóye ohun tí a ń kọ́ ọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Iléṣà, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1970, lábẹ́ àmójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì ń tẹ̀ lé ètò tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ láti ọdún kẹrin. Ní ìkẹyìn, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì kù lẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ti pè ní aláìgbọ́n, èdè tí kò yé wọn ni ó dì wọ́n lẹ́nu.

A lè wá fi ọ̀rọ̀ yìí wé àdá àti òkúta tí a fi ń pọ́n ọn. Kì í ṣe òkúta ni ó fi irin sínú àdá. Láti ilé alágbẹ̀dẹ ni irin ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àdá tí kò kan òkúta rí, bí irin rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, koríko ni yóò máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní gé e. Ilé-ìwé jẹ́ òkúta ńlá kan. Ó ń pọ́n ènìyàn láti fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé ìdí ohun tí ó rò, láti ronú lórí ohun tí kò fi ojú rí, àti láti bá àwọn tí wọ́n ti kú tàbí tí wọ́n wà ní ìdíkejì ayé sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Ọjà náà jẹ́ òkúta, oko jẹ́ òkúta, ilé alágbẹ̀dẹ sì jẹ́ òkúta. Ojú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń pọ́n ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí àdá tí ó kú, kí a tó dá irin lẹ́bi, ó yẹ kí a béèrè bóyá ó kan òkúta rí, àti bóyá òkúta náà dára.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò làákàyè tí ó gbajúmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Alfred Binet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni òun àti Théodore Simon gbé ìdánwò náà kalẹ̀ ní ọdún 1905, kí a lè mọ àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Binet bá àwọn tí wọ́n sọ pé làákàyè ọmọ kò lè pọ̀ sí i jà. Ó gbà pé ẹ̀kọ́ tí ó yẹ lè mú un gbòòrò. Ìdánwò tí ó ṣe láti fi ran ọmọ lọ́wọ́ ni àwọn mìíràn wá sọ di ohun tí a fi ń lé ọmọ sẹ́yìn.

Àwọn Òṣómàáló kò ka ìwé tí a kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ìwà wọn fi hàn pé ó yé wọn. Wọn kò rò pé àwọn kò gbọ́n nítorí pé àwọn kò kàwé, wọn kò sì rò pé nítorí tí àwọn gbọ́n, ìwé kò wúlò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi èrè aṣọ rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ìjẹ̀ṣà dá Ilé-Ìwé Girama Iléṣà sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà má baà máa jìnnà sí ilé nítorí ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 2022, Iléṣà di ìlú tí ó ní yunifásítì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èso tí ilẹ̀ náà ń jẹ lónìí, àwọn tí wọ́n fi orí ká gbèsè wà lára àwọn tí ó gbin igi rẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ipò kìn-ín-ní rántí pé kì í ṣe irin tirẹ̀ nìkan ni ó ṣiṣẹ́, bí kò ṣe òkúta tí àwọn ẹlòmíràn rà fún un. Kí ẹni tí ó bá kùnà má sì gbà pé a ti dá ẹjọ́ òun tán. Ẹni tí kò tí ì mú lè mú lọ́la bí a bá pọ́n ọn dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí délé má ṣe fi pe òbí rẹ̀ ní òpè, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.